Owó Iṣẹ́ Àlejò



Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ láti gbé ìlú náà gbà á láàárín ọjọ́ 14, tàbí kí wọ́n máa lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ọjà sílẹ̀. Àwọn mìíràn kò rí owó wọn gbà lọ́wọ́ onígbèsè mọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà fún ọ̀pọ̀ àlejò ní ọjọ́ 14.

Òtítọ́ ni pé òfin ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gba ọmọ Bẹ̀nẹ̀, Tógò tàbí Gánà láàyè láti wà lọ́dọ̀ wa fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Bí yóò bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kí ó gba àṣẹ. Kí àlejò má ṣe tàpá sí i.

Ṣùgbọ́n ìwọ ará Ìkòsì tí ń ná ọjà Mile 12, bí alábàárù tí kò ní ìwé bá ru ẹrù rẹ, ṣé o lè tìtorí èyí jẹ owó rẹ̀? Ìwé jẹ́ ọ̀ràn àárín òun àti ìjọba. Owó iṣẹ́ jẹ́ ọ̀ràn àárín òun àti ìwọ. Ẹni tí ó halẹ̀ pé òun yóò fa àlejò lé ìjọba lọ́wọ́, kí òun má baà san gbèsè, kò gbèjà òfin: olè ni. San án fún un kí oòrùn tó wọ̀.