Mo Mọ̀, Síbẹ̀ Mo Jẹ Ẹ́

Tí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ láti Adó-Èkìtì lọ sí Arámọkọ nírọ̀lẹ́ rí, ẹ ó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọkọ̀ kì í gbéra títí yóò fi kún. Agbèrò á máa pariwo pé, "Arámọkọ, Ìjerò, ó ku ẹnì kan!" bẹ́ẹ̀ ẹni mẹ́ta ló kù. Ebi ti ń pa yín láti ọ̀sán. Àsìkò yẹn gan-an ni àtẹ pọ́fù-pọ́fù máa ń yọ lójú fèrèsé.

Èmi máa ń rà á. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan o, ojoojúmọ́ ni, pẹ̀lú ẹlẹ́rìndòdò tútù kan. Ká tó dé Ìyìn, ọ̀rá ti ṣófo. Ká tó dé Ìgèdè, mo ti ń bínú sí ara mi.

Ìdí ìbínú náà rèé. Ọdún kẹfà nìyí tí ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá bàbá mi fínra. Wọ́n ti gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan lára wọn. Dókítà sì ti sọ fún èmi náà pé àìsàn yìí máa ń rìn nínú ìdílé, pé kí n ṣọ́ ẹnu mi. Síbẹ̀, èmi ni mo máa ń pè wọ́n lálaalẹ́: "Bàbá, kí lẹ jẹ lónìí?" Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn mu mínírà níbi ìsìnkú kan ní Ẹ̀fọ̀n. Mo bá wọn wí bí ẹni ń bá ọmọdé wí. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ìwọ náà ńkọ́?" Òróró pọ́fù-pọ́fù ṣì wà lára ìka tí mo fi di fóònù mú. Mo ní, "Mò ń gbìyànjú, sà." Irọ́ ni.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú: ẹni tó mọ ohun tó dára, tó sì ń ṣe òdìkejì rẹ̀, ṣé ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́?

Ìbéèrè àtijọ́ ni. Ní ilẹ̀ Gíríìsì, ó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, Plato kọ ọ́ sílẹ̀ pé Socrates sọ pé kò sẹ́ni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi, àìmọ̀ ló ń fà á. Aristotle tó dé lẹ́yìn wọn ní ọ̀rọ̀ yìí kò bá ohun tí ojú ń rí mu. Ó ní ìmọ̀ lè wà nínú èèyàn bó ṣe wà nínú ẹni tó ń sùn tàbí ẹni tó mutí yó: ó wà níbẹ̀, àmọ́ kò lè ṣiṣẹ́. Àwọn bàbá tiwa kò tiẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn. Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Ẹni tó ti mọ̀ ni wọ́n ń pa òwe yẹn fún.

Kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi. Bí ètò kan bá ń dákú lójú kan náà lójoojúmọ́, n kì í bú kọ̀ǹpútà pé ọ̀lẹ ni. Mo máa ń padà sẹ́yìn láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó dákú. Mo wá yẹ ara mi wò bẹ́ẹ̀. Mo rí i pé kì í ṣe ojú fèrèsé ni mo ti ń ṣubú. Láti aago kan ọ̀sán ni, nígbà tí mo bá ní iṣẹ́ pọ̀, n kò ráyè jẹun. Màá wá gbé ebi odidi ọjọ́ kan wọ gáréèjì, màá sì ní kí ìwà mi bá a jà.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú pé kí n má mú ju owó ọkọ̀ lọ dání. Ìyá onípọ́fù-pọ́fù ní, "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, mò ń gba tiránsífà." Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀wà tàbí iṣu sísè láti ilé, tí mo ń jẹ ẹ́ kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì, ni ara tù mí díẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ìyẹn kì í ṣe ìwà, pé sísá ni. Ó ní kí n jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ebi, kí n sì sọ pé rárá. Mo rò ó dáadáa, n kò gbà. Ẹni tó mọ̀ pé òun ò lè lúwẹ̀ẹ́, tó wá gba orí afárá kọjá, kò sá fún ẹnikẹ́ni. Ìjọba pàápàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ju ìkìlọ̀ lọ. Òfin Ìṣúná ọdún 2021 gbé owó-orí náírà 10 lé lítà kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà nínú. Ẹ̀bi ìyá alátẹ náà kọ́ o. Àtẹ yẹn ló fi ń rán ọmọ nílé ìwé. Kò sí Èṣù kankan lójú fèrèsé yẹn. Ebi mi ló wà níbẹ̀, àti èmi tí mo gbé e wá.

Àmọ́ ẹ̀wà kò lè yanjú irọ́ tí mo pa. Mo rò pé ẹ̀tọ́ láti báni wí dọwọ́ ẹni tí kò lẹ́bi. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò bá bàbá mi sọ̀rọ̀? Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ mi ni pé mo fi tèmi pamọ́ kí n lè gbé ohùn sókè sí tiwọn.

Mo pè wọ́n ní ọjọ́ Àìkú, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n ní, "Ṣé ó dùn?" Mo ní ó dùn, sà. Wọ́n ní, "Mínírà yẹn náà dùn."

Ní báyìí, àwa méjèèjì la jọ ń ro ẹjọ́ ẹnu wa lálaalẹ́. Lọ́jọ́rú tó kọjá, iṣẹ́ pọ̀, n kò jẹun, mo sì ra pọ́fù-pọ́fù mẹ́fà. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, kí wọ́n tó bi mí.