Ẹ Dúró Ti Ọmọ Náà
Ìwé kíkà: Ẹ́kísódù 2:1–10



Nígbà Ogun Abẹ́lé ilẹ̀ wa (1967 sí 1970), ebi pa àwọn ọmọ Biafra títí ikùn wọn fi wú. Àwọn ìjọ Kristi ń fi ọkọ̀ òfurufú gbé oúnjẹ lọ sí Úlì lóru. Bí wọ́n bá ń padà, wọ́n a kó àwọn ọmọ aláìsàn lọ sí Gabon àti São Tomé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni a kó jáde. Lẹ́yìn ogun, a dá wọn padà. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kéré jù láti sọ orúkọ òbí wọn.

Ẹ wo Míríámù. Lẹ́yìn tí a gbé Mósè sínú apótí eésú, kò padà sílé. Ó dúró, ó ń ṣọ́ ọ, títí ọmọ náà fi padà sí àyà ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, yíyọ ọmọ nínú ewu nìkan kò tó. Bí ogun bá lé ọmọ dé àdúgbò wa, ẹ jẹ́ kí á bọ́ ọ, kí á bèèrè orúkọ rẹ̀, kí á sì wá àwọn ènìyàn rẹ̀ kàn.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn Míríámù. Àmín.