Ta Ni Ó Gé Aṣọ Ọmọ?

Ẹ kà: Samuẹli Kìn-ín-ní 5:6–12, 6:1–12
Akọ́sórí: Òwe 18:13 (Ẹ kà á sókè nígbà mẹ́ta.)

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tọkọtaya kan nínú ìjọ wa kó dé ilé tuntun wọn ní Ìbàfò. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé agbègbè wa mọ bí ó ṣe máa ń rí: iná kò tíì dé, wọn kò tíì rẹ́ ilé, koríko sì yí gbogbo rẹ̀ ká. Ìyá ọkọ wá láti abúlé láti bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá aṣọ ọmọ ní gígé. Lónìí fìlà, lọ́la aṣọ òtútù. Ní ọjọ́ kẹta, ara ọmọ gbóná. Ìyàwó ní òun rí eku kan lórí àga, tó ń wo òun bí ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ dé ilé ìjọsìn. A gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, a ṣe ìsọ́ òru, a pe iná sórí gbogbo eku àjẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti di ẹrù ìyá náà sínú àpò Ghana-must-go. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló béèrè bí ó ti ń jáde: “Ẹ̀yin ọmọ mi, aṣọ tí mo fi ọwọ́ ara mi fọ̀, èmi náà ni mo tún máa gé e?” Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà lára àwọn tó gbàdúrà náà.

Àwọn àgbà a máa sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Olùfẹ́ ọ̀wọ́n, òwe yẹn ti lé ọ̀pọ̀ ìyá kúrò nílé ọmọ wọn. Báwo ni a ṣe mọ̀?

Ẹ wo àwọn Fílístínì nínú ibi kíkà wa. Wọ́n gbé àpótí Ọlọ́run, àrùn bẹ́ sílẹ̀ láàrín wọn, eku sì ń ba ilẹ̀ wọn jẹ́. Abọ̀rìṣà ni wọ́n. Síbẹ̀, pẹ̀lú eku wúrà márùn-ún tí wọ́n ṣe, wọn kò tíì sọ pé àwọn mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Wọ́n mú abo màlúù méjì tó ń fún ọmọ lọ́mú, tí a kò di àjàgà mọ́ lọ́rùn rí, wọ́n sé ọmọ wọn mọ́lé, wọ́n sì ń wò ó bóyá wọn yóò kọrí sí Bẹti-Ṣemeṣi. Bí wọ́n bá gba ibòmíràn lọ, á jẹ́ pé èèṣì lásán ni. Ẹni tí kò mọ Ọlọ́run fi àyè sílẹ̀ fún “bóyá”. Àwa tí a ń fi èdè tuntun gbàdúrà kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún ìyá arúgbó kan.

Kí ni eku ń wá nínú ilé wa gan-an? Igbó àti àbàtà ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ Ìbàfò àti Mowé kí a tó kọ́lé sí i. A sanwó fún ọmọ onílẹ̀ (àwọn mìíràn san án lẹ́ẹ̀mejì), ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bá eku dúnàádúrà. Eyín iwájú rẹ̀ kì í yé hù ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa gé nǹkan: igi, ọṣẹ, wáyà iná. Bí ó bá fẹ́ bímọ, yóò wá ohun rírọ̀ tẹ́ ìtẹ́. Nínú igbó, òkété a máa kó èso sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ rì mọ́lẹ̀. Èyí tí ó bá gbàgbé lè hù di igi. Òwìwí ń fi eku bọ́ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé a ní ẹyẹ àjẹ́ ni, a ń sọ ọ́ lókùúta, eku sì ń pọ̀ sí i. Ní Tanzania, wọ́n ń kọ́ irú òkété kan láti máa gbóòórùn bọ́ǹbù tí a rì sínú ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, rí ju 70 lọ ní Cambodia, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2020, kí ó tó kú ní 2022. Òkété ni mò ń sọ o, èyí tí àwa ń pè ní ìránṣẹ́ ayé bí a bá pàdé rẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Mi ò sọ pé eku kò léwu. Ní 1969, ní ìlú Lassa ní àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, míṣọ́nnárì kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, Laura Wine, ṣàìsàn. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó sì kú. Nọ́ọ̀sì kan tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ kú tẹ̀lé e. Báyìí ni ayé ṣe mọ ibà Lassa, tó ṣì ń pa ènìyàn ní Oǹdó àti Ẹdó. Eku kan tó máa ń wọlé ló ń gbé e kiri nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀, lórí oúnjẹ tí a kò dé, lórí ohun tí a sá sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ike tó ní ìdérí líle ni a fi ń dènà rẹ̀. Ní òru ìsọ́ wa yẹn, bí a ti ń pe iná, àpò gaàrí wà ní ẹnu ṣíṣí nínú kíṣìnì.

Ó rọrùn láti di ẹ̀bi ru eku. Ní August 2017, nígbà tí Ààrẹ Buhari dé láti ibi tó ti gba ìtọ́jú ní London, agbẹnusọ rẹ̀, Garba Shehu, ní ilé ni yóò ti máa ṣiṣẹ́ nítorí eku ti ba ọ́fíìsì rẹ̀ jẹ́. Ní 2025, ó sọ nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ pé òun gbé ọ̀rọ̀ eku yẹn kalẹ̀ kí àwọn ènìyàn má bàa máa bèèrè nípa ìlera Ààrẹ. Eku kò lè wá wí tẹnu rẹ̀.

A kò sọ pé ọ̀tá kò sí. Ó wà, a ó sì máa bá a jà. Ṣùgbọ́n òfin Mósè béèrè ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, àlá kò sì sí lára wọn.

Oṣù méjì lẹ́yìn tí ìyá náà lọ, káfíńtà gun orí sílìn láti wá ibi tí òrùlé ti ń jò. Ó gbé ìtẹ́ kan sọ̀kalẹ̀ sí pálọ̀. Ọmọ eku mẹ́fà, pupa fòò, tí wọn kò tíì lajú. Fìlà ọmọ àti aṣọ òtútù ni ìyá wọn fi tẹ́ ibùsùn fún wọn. Ní ti ara gbígbóná, ibà ẹ̀fọn ni. Dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kejì, a kò kàn fetí sí i ni.

A lọ bẹ ìyá náà ní abúlé. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ kejì, ó wá sí ìsọmọlórúkọ, ó gbé ọmọ, ó ṣàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n kò sun ilé náà. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti wà ní ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó ń dúró de ọkọ̀ Ìbàdàn.

Àdúrà: Baba, bí ẹnìkan bá wà tí mo ti lé kúrò nílé mi lórí ohun tí n kò wádìí, rán mi létí orúkọ rẹ̀ kí n tó dìde lórí eékún mi lówùúrọ̀ yìí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.