Ǹjẹ́ Ẹni Tí Ó Dákẹ́ Lórí Ọjà Rẹ̀ Jẹ̀bi?

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò: bí olùtajà kò bá pa irọ́ kankan, ṣùgbọ́n tí ó dákẹ́ nípa ohun tí ó wà nínú oúnjẹ tí ó ń tà, ǹjẹ́ ó jẹ̀bi?

Àwọn kan yóò ní kò jẹ̀bi, pé ẹni tí ó fẹ́ rà ni kí ó la ojú rẹ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Hádíìsì sọ fún wa pé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ìka rẹ̀ sì kan ọ̀rinrin. Ọlọ́jà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í léèrè ohun tí kò jẹ́ kí ó gbé èyí tí ó tutù sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, ó sì ya ara rẹ̀ kúrò lára ẹni tí ń rẹ́ni jẹ. Ẹ kíyè sí i pé a kò gbọ́ pé ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ purọ́. Èyí tí ó gbẹ lókè ni ó bá a purọ́.

Òfin ayé náà ń rìn bọ̀ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 1963 ni àjọ FAO àti WHO dá ìgbìmọ̀ Codex Alimentarius sílẹ̀. Ìlànà rẹ̀ ti 1985 ni pé kí a kọ ohun tí a fi ṣe oúnjẹ sí ara páálí tàbí agolo rẹ̀, kí èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ pọ̀ jù ṣíwájú. Bí ṣúgà bá ṣíwájú, ṣúgà ni ẹ ń rà jù.

Síbẹ̀, òfin a máa fi àyè sílẹ̀. Ní 2016, Natasha Ednan-Laperouse, ọmọ ọdún 15 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ búrẹ́dì tí yànmọ̀tí wà nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ kò gba yànmọ̀tí, a kò sì kọ ọ́ sí ara búrẹ́dì náà. Ó kú. Òfin ìgbà náà kò fi dandan mú ilé oúnjẹ tí ó di oúnjẹ fúnra rẹ̀ láti kọ ọ́. Àwọn òbí rẹ̀ jà títí òfin tuntun fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2021. Ṣáájú ọjọ́ náà, òfin dá ìdákẹ́ láre. Ṣùgbọ́n ọmọ ti kú.

Níbi tí òfin wà pàápàá, èké kò tán. Ní 2013, àwọn aláṣẹ oúnjẹ ní Ireland yẹ oríṣi bọ́gà 27 wò, tí a kọ ẹran màlúù sí lára. Wọ́n bá àmì ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú 23, wọ́n bá ti ẹṣin nínú 10. Òfin lè fi agbára mú ọwọ́ kọ̀wé, kò lè mú ọkàn bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Àwa náà ńkọ́? NAFDAC, tí a dá sílẹ̀ ní 1993, ń bójú tó ohun inú páálí ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n epo pupa inú kẹ́ẹ̀gì, oyin inú ìgò àti èlùbọ́ inú àpò lọ́jà wa kò ní àkọsílẹ̀ lára. Ẹnu ẹni tí ń tà wọ́n ni àkọsílẹ̀ wọn. Bí a bá da omi ṣúgà mọ́ oyin, tí a sì dákẹ́, a ti bá ọkùnrin olókìtì nì dọ́gba.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa ka ara páálí kí ẹ tó sanwó. Gelatin lè ti ara màlúù wá, ó sì lè ti ara ẹlẹ́dẹ̀ wá. Bí orúkọ náà bá dá dúró, ẹ béèrè. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń tajà, ẹ gbé èyí tí ó tutù sókè. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí òwò wa. Àmín.