Orúkọ Òrìṣà Lójú Sánmà

Àwọn àpáta àti pílánẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó ń yí oòrùn po láàárín Mars àti Jupiter gbé ìbéèrè kan ka iwájú onígbàgbọ́: bí a bá fi orúkọ òrìṣà pe ohun kan, ṣé ìjọsìn ti wọ inú ohun náà nìyẹn? Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì ní Òjó, Ìbà àti Okokomaiko ní Èkó, níbi tí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ti kún àdúgbò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ló ti yọ Ògún, Ifá tàbí Ṣàngó kúrò nínú orúkọ bàbá wọn, tí wọ́n fi Olú tàbí Jésù rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ òrìṣà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Giuseppe Piazzi, tó rí àkọ́kọ́ nínú àwọn àpáta àti pílánẹ́ẹ̀tì kéékèèké náà ní Palermo ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1801, àlùfáà Kátólíìkì ni. Cerere Ferdinandea ló sọ ọ́: Cerere, tí ayé ń pè ní Ceres lónìí, ni òrìṣà ọkà àwọn ará Róòmù ìgbàanì, Ferdinand sì ni ọba tó wà lórí ìtẹ́ ní Sicily. Orúkọ ọba kò pẹ́ já sílẹ̀. Ti òrìṣà ló dúró, àlùfáà tó sì fún un lórúkọ náà kò tìtorí rẹ̀ di abọ̀rìṣà. Lóde òní, Àjọ Ìmọ̀ Ìràwọ̀ Àgbáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919, ló ń fọwọ́ sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀, kò sì fàyè gba orúkọ olóṣèlú tàbí ológun àfi bí ó bá ti pé 100 ọdún tí onítọ̀hún ti kú.

Lórí Ceres fúnra rẹ̀, àwọn òrìṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ láti ìran gbogbo ni wọ́n fi ń sọ àwọn kòtò rẹ̀, èyí tí ọkọ̀ ojú sánmà Dawn ti Amẹ́ríkà fi hàn kedere láti ọdún 2015. Kòtò kan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 10, níbi tí Dawn ti rí yìnyín lójú ilẹ̀, ń jẹ́ Oxo, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òrìṣà àgbẹ̀ ni, nínú ẹ̀sìn àwọn ọmọ Áfíríkà ní Brazil tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Yorùbá. Òrìṣà Oko ni. Òmíràn ni Yalode, tó fẹ̀ tó kìlómítà 260, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìrìn ẹni tó bá gba ọ̀nà Badagry láti Òjó, tó kọjá Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu, tó sì dé Lomé. Òrìṣà Dahomey tí àwọn obìnrin ń bọ nígbà ìkórè ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ ọ tí kò ní rántí Ìyálóde, oyè tí wọ́n fi ń ki Ọ̀ṣun.

Kò sí èyí tó ti ilẹ̀ Yorùbá lọ tààrà nínú méjèèjì. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun, tí wọ́n fi orúkọ ìrìbọmi bo orúkọ àbísọ wọn mọ́lẹ̀ ní Brazil, ló pa ti Òrìṣà Oko mọ́, nígbà tí àwọn tí ẹnikẹ́ni kò fi agbára mú ní ilé ń fi ọwọ́ ara wọn pa orúkọ òrìṣà rẹ́.

Ìgbàgbọ́ Yorùbá fúnra rẹ̀ kò sì sọ pé orúkọ nìkan ni òrìṣà. Ní Ìràwọ̀, ní Òkè-Ògùn, tí í ṣe orírun Òrìṣà Oko, ọ̀pá irin wíwúwo tí àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ rọ, tí wọ́n fi àkọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀, ni olórìṣà ń gbà, ó ní èèwọ̀ tó ń pa mọ́, ó ní oríkì tó ń kì, òrìṣà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìpín tirẹ̀ nínú iṣu tuntun. Níbi tí kò bá sí ọ̀pá, tí kò sí oríkì, tí kò sí iṣu, orúkọ kò lè dá ẹbọ rú. Lóòótọ́ ni àwọn àgbà gbà pé orúkọ a máa ro ọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ ń gbọ́ ọ, ó ń dáhùn sí i, àwọn ará ilé sì ń fi í ṣàdúrà fún un lójoojúmọ́. Àpáta kì í dáhùn. Bákan náà, Mùsùlùmí tí Ifá ń bẹ nínú orúkọ ìdílé rẹ̀ kò tìtorí rẹ̀ di babaláwo: ẹ̀rí ló ń jẹ́ pé ẹnìkan nínú ìran rẹ̀ dá Ifá rí, ìyípadà ẹ̀sìn kò sì lè sọ òtítọ́ náà di irọ́.

Ewu tó wà nínú orúkọ ojú sánmà wá láti ibòmíràn: ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ Oxo, kò sí Ìràwọ̀ níbẹ̀, kò sí ọ̀pá, kò sí oyin tí àwọn olórìṣà gbà pé ó jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ni Fásitì Ìpínlẹ̀ Èkó, tó ti wà ní Òjó láti 1983, tó sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀sìn àti èdè Yorùbá, ní gbogbo ẹ̀tọ́ láti kọ kún un.