Bí Ọkọ̀ Bá Ń Ṣọ́nà, Ta Ni Yóò Jíhìn?



Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ṣùgbọ́n lóde òní, a ti rí ọkọ̀ tí ó ní ojú tirẹ̀, irú wọn sì ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń ṣọ́nà fúnra rẹ̀, ǹjẹ́ iṣẹ́ ìṣọ́nà ti kúrò lọ́rùn awakọ̀ bí? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti mẹkáníìkì nìkan. Ti ẹ̀rí ọkàn ni pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Kámẹ́rà kékeré kan máa ń wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú. Rédà, tí ń fi ìgbì tí ojú kò rí wọn bí nǹkan ti jìnnà tó, a sì máa wà ní imú ọkọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ó ń ṣírò bí ọkọ̀ ti ń yára sún mọ́ ohun tí ó wà níwájú. Bí ewu bá dé, ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ ké, iná ìkìlọ̀ yóò sì tàn níwájú awakọ̀. Bí awakọ̀ kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ̀rọ yóò tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí rí i pé ó dín kíkọlu ọkọ̀ iwájú láti ẹ̀yìn kù ní nǹkan bí ìdajì. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun láti oṣù keje ọdún 2024.

Síbẹ̀, ojú ẹ̀rọ ní ààlà. Ẹrẹ̀ lè bo rédà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ tí ó tàn sí kámẹ́rà lójú, tàbí òjò ńlá, lè má jẹ́ kí ó ríran. Bí eré bá ti pọ̀ jù, ẹ̀rọ lè dín agbára ìkọlù kù, kí ó má sì lè dènà rẹ̀. Bí a bá pààrọ̀ gíláàsì iwájú tí a kò tún kámẹ́rà tò, ibi tí kò yẹ ni ó lè máa wò. Nígbà mìíràn, ó tilẹ̀ lè tẹ bíréèkì níbi tí kò sí ewu rárá. Ẹ wá ro ti ẹni tí ń ti Ìlọrin bọ̀ wá sí Ọ̀fà gba Àjàṣẹ́-Ìpo, ní alẹ́ ọjọ́ tí ọyẹ́ mú. Ọ̀kadà tí kò tan iná lè wà níwájú rẹ̀, tàbí ìyá kan tí ó ru ẹrù lọ́nà ilé. Lójú ọ̀nà tí ó ṣókùnkùn bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ lè má rí ìyá náà títí yóò fi pẹ́ jù.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Tempe, ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2018, ọkọ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ Uber fi ń dán ẹ̀rọ awakọ̀ wò pa obìnrin kan tí ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá títì. Ọkọ̀ náà ní bíréèkì pàjáwìrì tí àwọn tí ó ṣe é fi sí i, ṣùgbọ́n Uber kì í jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ tiwọn bá ń wa ọkọ̀. Ẹ̀rọ tiwọn rí nǹkan níwájú ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ó lé díẹ̀ kí ó tó kọlù ú, ṣùgbọ́n kò dá a mọ̀ pé ẹlẹ́sẹ̀ ni. Ẹni tí a fi sídìí ọkọ̀ láti máa ṣọ́ ọ, fóònù ni ó ń wò. Ilé-iṣẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí ó jókòó, ẹni tí ó jókòó gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ, kò sì sí ẹni tí ń ṣọ́nà. Ní ọdún 2023, ènìyàn ni ó dúró níwájú adájọ́ tí ó sì jẹ́wọ́ ẹ̀bi. A kò pe ẹ̀rọ lẹ́jọ́.

Ẹnìkan lè wí pé, “Bí ẹ̀rọ bá kùnà, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ tèmi?” Ará, ẹ̀rọ kò ní ẹ̀rí ọkàn, kò lè ronú pìwà dà, kò sì lè bẹ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹni tí ó lè jíhìn ni a óò bi. Bí ìyá bá gba ọmọ-ọ̀dọ̀ láti bá a tọ́jú ọmọ rẹ̀, ṣé ó ti bọ́ lọ́wọ́ jíjẹ́ ìyá ni? Ìwé Ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíìkì tí ó jáde ní ọdún 1992 ka ẹ̀bi ńlá sí ẹni tí ó fi ìmutípara tàbí ìfẹ́ eré àsápajúdé wu ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn léwu lójú ọ̀nà. Kò yọ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó tìtorí ẹ̀rọ yìí sáré ju bí ó ti ń sáré tẹ́lẹ̀ lọ ti sọ ohun tí a fún un láti dáàbò bo ènìyàn di ohun ìpalára.

Ẹ̀bi mìíràn tún wà. Ẹlòmíràn yóò sanwó fún rẹwáyà pé kí ó pa ẹ̀rọ náà lẹ́nu, nítorí pé igbe rẹ̀ ń dí i lọ́wọ́. Ẹlòmíràn mọ̀ pé iná ìkìlọ̀ rẹ̀ kò kú láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ta ọkọ̀ náà fún aládùúgbò rẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tí ó rà á yóò máa gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ó ti kú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ǹjẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó dákẹ́ mọ́ bí?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọkọ̀ yìí, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ sọ òtítọ́ fún ẹni tí ń rà. Bí a bá sì jáde kúrò ní Mísà lónìí, kí olúkúlùkù awakọ̀ nu gíláàsì rẹ̀, kí ó fi fóònù sí àpò, kí ó dín eré kù, kí ó sì máa fi ojú ara rẹ̀ ṣọ́nà. Ìyá tí ó ru ẹrù lójú ọ̀nà kò mọ irú ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwa tí a wà nínú ọkọ̀ ni ó fi ẹ̀mí rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́run mú gbogbo wa délé ní àlàáfíà.