Ṣílè Mẹ́wàá Lórí Orin Kìnnìún

Ọdún 1939 ni Solomon Linda àti ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀, Evening Birds, wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Gallo ní Johannesburg. Ọmọ Súlù ni Linda. Ó ti da màlúù rí ní kékeré, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń lé kìnnìún kúrò lára ẹran. Ohun tó fi kọrin nìyẹn. Ó pe orin náà ní “Mbube”, ìyẹn kìnnìún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ ọ́ níwájú ẹ̀rọ. Nígbà tí ìkẹta ń parí lọ, Linda ṣàdédé gbóhùn sókè, ó fà á lálá, ohun tí kò múra sílẹ̀ fún rárá. Ohùn òjijì yẹn gan-an ni gbogbo ayé ń kọ dòní.

Ṣílè mẹ́wàá ló rí gbà. Kó tó di 1950, àwo rẹ̀ ti tà tó 100,000. Linda alára sì wà ní iléeṣẹ́ Gallo kan náà, ó ń di àwo orin sínú páálí. Nígbà tó yá, ó tọwọ́ bọ ìwé tó gbé ẹ̀tọ́ orin náà lé wọn lọ́wọ́.

Àwo náà dé Amẹ́ríkà, ó bọ́ sọ́wọ́ olórin kan níbẹ̀, Pete Seeger. Seeger gbọ́ Súlù ní àgbọ́ìgbọ́tán, ló bá sọ orin náà di “Wimoweh”. Nígbà tó mọ ẹni tó ni ín, ó fi 1,000 dọ́là ránṣẹ́ sí i. Èèyàn gidi ni. Ṣùgbọ́n ní 1961, ẹgbẹ́ akọrin kan, The Tokens, tún un kọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tuntun, “The Lion Sleeps Tonight”, ó sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì sí i ni òfin mọ̀ ní olóhun. Wọn ò dárúkọ Linda.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà pé ó tún orin ẹlòmíràn kọ. Linda náà bá ọ̀nà orin lẹ́nu àwọn àgbà rẹ̀. Àwọn akọrin Súlù tó tẹ̀ lé e pọ̀ débi pé irú orin bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ mbube títí dòní, ìyẹn ò sì gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ìwé ló gbà á. Òfin tí wọ́n ní ó ń dáàbò bo ẹni tó fi làákàyè ṣiṣẹ́, ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló dá mọ̀.

Àrùn kíndìnrín pa Linda ní 1962. Owó tó wà ní báńkì rẹ̀ kò tó 25 dọ́là. Ọdún 18 kọjá kí ẹbí rẹ̀ tó lè fi òkúta sórí sàréè rẹ̀.

Orin náà wọ The Lion King, fíìmù iléeṣẹ́ Disney, ní 1994. Ní 2000, akọ̀ròyìn Rian Malan tú gbogbo rẹ̀ síta. Lọ́yà kan, Owen Dean, wá tú òfin kan jáde tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe láti 1911 fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀: bí ẹni tó ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ bá ti kú fún ọdún 25, ẹ̀tọ́ náà padà di ti àwọn ajogún rẹ̀. Láti 1987 ni ó ti yẹ kí àwọn ọmọ Linda máa jẹun lórí orin bàbá wọn, ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn! Wọ́n pe Disney lẹ́jọ́ ní 2004. Ní 2006, iléeṣẹ́ Abilene tó di orin náà mú gbà láti san owó ẹ̀yìn àti ti iwájú, wọ́n sì fi orúkọ Linda kún àwọn tó kọ ọ́.

Ní tiwa, lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, èèyàn ò lè fi ẹnu lásán gbé ẹ̀tọ́ yìí fún ẹlòmíràn. Ó gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin olórin, òǹkọ̀wé àti òṣèré wa, ìwé yẹn ṣì ń bọ̀ wá bá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá. Ẹ mú un lọ bá lọ́yà tí ẹ̀yin fúnra yín sanwó fún, kì í ṣe tiwọn, kí ẹ sì bi í pé: ọdún mélòó ni mo gbé iṣẹ́ mi fún wọn, kí ló sì kù fún àwọn ọmọ mi?